Ẹ Ka Owó Ọlọ́run Lójú Ìjọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé lórí láti di pásítọ̀, ẹ kú oríire. Mo ti fi iṣẹ́ akápò ìjọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan nínú yín kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ ní Ọlọ́run nìkan ni pásítọ̀ ń jíhìn fún. Hébérù 13:17 tí ẹ fi ń sọ fún ìjọ pé kí wọ́n tẹrí ba, òun kan náà ló ní ẹ ó jíhìn ọkàn wọn.

Àkọ́kọ́, ẹnì kan kì í dá owó ọrẹ kà. Nígbà tí àwọn ìjọ dáwó fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù, Pọ́ọ̀lù kò dá gbé e. Ó fi arákùnrin méjì kún Títù, àwọn ìjọ ló sì yan ọ̀kan nínú wọn. Ó sọ ìdí rẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8: kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn.

Ìkejì, ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí ìkejì má sì jẹ́ ará ilé pásítọ̀. Èyí ṣì ń dùn mí dòní.

A ń kọ́ ilé ìjọsìn nígbà náà. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ló ń mú owó tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá, tó ti dì í ní ìdì ìdì, tí gbogbo rẹ̀ ń rùn ewé eéran. Mo máa ń kà á níṣojú rẹ̀, mo sì máa ń já rìsíìtì fún un. Nígbà tí ògiri dé ojú fèrèsé, bíríkìlà béèrè owó irin. Àfi bí a ṣe dé báńkì tí owó ò sí níbẹ̀! Olùṣọ́-àgùntàn wa ti kó o sínú sogúndogójì, àna rẹ̀ ló sì bá a fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì ṣáájú, wọ́n ní mo ń dá iṣẹ́ Ọlọ́run dúró.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, wọ́n ka Sáàmù 105 sí mi létí, pé kí n má fọwọ́ kan ẹni-òróró. Ẹ ka Sáàmù náà láti òkè. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún, kí wọ́n má pa Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀ lára nílẹ̀ àjèjì. Sámúẹ́lì tó da òróró sórí Sọ́ọ̀lù, òun gan-an dúró níwájú Ísírẹ́lì lọ́jọ́ ogbó, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ jáde wá sọ. Ta ni pásítọ̀ wa, tí a ò fi lè bi í léèrè?

Wọ́n kàn gbé e lọ sí ìjọ mìíràn ni. Wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére, wọ́n rán agbádá fún un. Bẹ́ẹ̀ Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí Tímótì pé alàgbà tó bá ṣẹ̀, tí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta sì jẹ́rìí sí i, kí a bá a wí níwájú gbogbo èèyàn. Wọn ò sọ fún ìjọ tó gbà á. Wọn ò sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ náà, èmi ni mo lọ bá a nídìí igbá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń pín sí ìjọ lọ́dún yìí, ẹ gba ìwé ìṣirò owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.