Ológbò tó ń jẹun tó sì ń rù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ dókítà ẹranko, ológbò ọmọ ọdún 13 kan ló là mí lójú. Ìyá tó ni ín ní, "Dókítà, kò sáìsàn tó le lára ẹ̀ o, àwo ẹ̀ kì í ṣẹ́ kù." Èmi náà gbà á gbọ́. Mo fún un lóògùn aràn, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e padà, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣeé kà, igbe ló sì ń ké láti òru mọ́jú.

Tairọ́ìdì ni. Ọ̀fun ló wà, òun ló ń pàṣẹ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ sí. Tó bá ń tu họ́mọ̀nù jù, gbogbo ara á máa sáré, ọkàn ni, ìfun ni. Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló sábà máa ń fà á, ológbò tó ti dàgbà ló sì máa ń ṣe.

Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e rọra wọ́ ọ láti gògóńgò dé àyà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Bí nǹkan bí ẹyọ ẹ̀wà bá yọ̀ bọ́rọ́ lábẹ́ ìka yín, òun nìyẹn. (Ó pẹ́ kó tó yé ìka tèmi.) Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ T4, ìyẹn họ́mọ̀nù tairọ́ìdì, inú ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó ga. Àìsàn mìíràn lè mú kó dà bíi pé kò ga, torí náà bọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kíndìnrín ló ń kó dókítà sí wàhálà jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré gba inú ẹ̀ kọjá máa ń bo àìlera ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí methimazole, oògùn tá a fi ń tọ́jú ẹ̀, bá ti mú họ́mọ̀nù wálẹ̀, àṣírí á tú. Ẹ yẹ kíndìnrín wò ṣáájú, ẹ fi oògùn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ ti sọ ọ́ fẹ́ni tó ni ín kó tó ṣẹlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oògùn yín ló máa di ẹ̀bi rù. Abẹ́rẹ́ iodine onítànṣán máa ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kò sí níbi gbogbo.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọjọ́sí pè mí tìjayàtìjayà: ológbò ti ṣẹ́ oúnjẹ kù. Mo ní kó gbé e wá ká wọ̀n ọ́n. Ó ti sanra sí i.