Ewé tí à bá fi sebẹ̀

Láti òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àwọn ike irúgbìn nígbà tí ìyá tó ń wá pọnmi ní kànga wa kí mi pé "Òkun o", mo dáhùn, ó kọjá. Kò tíì jìnnà tí mo fi gbọ́ tí ó sọ fún ọmọ tó tẹ̀ lé e pé: "Ewé tí à bá fi sebẹ̀ ló ń fún òdòdó mu."

Òótọ́ ni ó sọ. Ewé mòríńgà tútù ni mo gún lódó, tí mo fi aṣọ funfun sẹ́, tí mo sì da ife 1 omi rẹ̀ mọ́ ife omi lásán 30 kí n tó rẹ irúgbìn òdòdó zinnia sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó wù mí kí n sọ fún un pé zeatin wà nínú ewé náà, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ rí yọ lára àgbàdo ní ọdún 1963, tí ó ń mú kí ara ọ̀gbìn máa pín, kí ó sì máa gbèrú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àgbàlagbà tó ru omi dúró nítorí irú èyí?

Ewé tí à bá fi sebẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tí ẹ̀fọ́ wọ́n… Bóyá èmi ni mo jẹ̀bi.

Mo lọ sí ọjà Kàbbà, mo bọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mi ò bu omi là á. Irúgbìn náà wú, ó sì jẹrà, nítorí omi ewé tó le jù a máa dí ehù lọ́nà. Lónìí tó pé ọjọ́ márùn-ún tí mo gbin ti ọ̀tẹ̀ yìí, wọ́n ti yọ, ewé méjì méjì, ọ̀kan ṣì dé èèpo irúgbìn rẹ̀ bí fìlà. Nínú ike irúgbìn tí mo rẹ sómi lásán, mẹ́ta péré ló yọjú. Inú mi dùn gan-an.

Nírọ̀lẹ́, mo já ewé mòríńgà kún ọ̀rá kan, mo gbé e lọ fún ìyá náà. Ó bi mí pé ta ni mo ń gbin òdòdó fún. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó tú ọ̀rá náà, ó sì kó ìdajì ewé rẹ̀ padà lé mi lọ́wọ́.