Ẹ̀yin àbúrò, kí ẹ tó sanwó kéèsì áípíìsì yẹn

Mo rí fọ́tò kéèsì tí ẹ fẹ́ fowó ẹgbẹ́ awòràwọ̀ wa rà fún áípíìsì, ìyẹn àwọn lẹ́ńsì kékeré tí à ń ki bọ ẹnu tẹlisíkóòpù láti fi wò, mo sì rí ohun tẹ́nì kan kọ sábẹ́ ẹ̀ pé tó bá já sódò gan-an, omi ò lè wọnú ẹ̀. Ó dáa. Ta ló fẹ́ gbé tẹlisíkóòpù lọ sódò? Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa kó kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lé yín lọ́wọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́ yìí, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tí a ti jìyà ẹ̀ rí ni ẹ tún máa fowó ara yín rà. Ni mo bá ní kí n to ẹ̀kọ́ mélòó kan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Mi ò ní sọ ohun tí ẹ ti mọ̀, pé kí ẹ dé ìdérí áípíìsì lókè nísàlẹ̀, pé kí ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì, pé èyí tí ọrùn ẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 1.25 àti ti ínṣì 2 ò lè jọ lo ihò kan náà. Ẹni tí ò bá tíì mọ ìyẹn kó lọ bi ẹni tó jókòó tì í.

Àkọ́kọ́: fóòmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo kéèsì. Gbogbo èèyàn ló ń wo ìta, ìkọ́ ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, bó ṣe le sí, ṣùgbọ́n fóòmù ló máa sùn ti lẹ́ńsì lóru àtọ̀sán. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ni polyurethane, irú fóòmù bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń fa omi mu, tí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa sì máa ń sọ di kinní tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tó ń já wúruwùru tó bá ti pé ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n ti gé sí igun kéékèèké tí èèyàn kàn ń fà yọ láti fi ṣe ihò, tó máa ń bá kéèsì òkè òkun wá, irú ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn. Ìkejì ni polyethylene tàbí EVA, tí omi ò lè ráàyè wọnú ẹ̀. EVA yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ẹ máa rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù oníṣọ̀nà bàtà ní Múṣin, ọ̀bẹ mímú ló máa gé e. Ẹ fi ìka méjì sáàárín ihò kan sí èkejì, kí gíláàsì má baà máa kan ara wọn tí mọ́tò bá bọ́ sínú kòtò.

Èkejì: ìwọ̀n. Áípíìsì ínṣì 2 míì máa ń wúwo tó kílò kan, torí náà ẹ má torí pé àyè wà kí ẹ di gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ sínú kéèsì kan ṣoṣo. Kéèsì tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ló lágbára láti gbé e, òun ni wọ́n máa sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni yẹn ò bá wá. Tẹ́ ẹ bá ti pa á dé, kí fóòmù ìdérí tẹ orí áípíìsì díẹ̀, kí ẹ dojú ẹ̀ dé kí ẹ mì í, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó máa ró. Ó parí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rinrin, ibí gan-an sì ni mo ń bọ̀ látàárọ̀.

Kéèsì tí alága wa nígbà kan rà, bíi tinú fọ́tò yín yẹn gẹ́lẹ́ ló rí: ike líle, rọ́bà yí ẹnu ẹ̀ po, pẹ̀lú kinní kékeré kan níwájú tí wọ́n ń yí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo sọ fún un nígbà náà pé kó ra èyí tó kéré sí i, kó fi owó tó kù ra sílíkà, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu yẹn, àti fóòmù gidi. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń náwó ẹgbẹ́ ni. Ó gbé e lọ fún kápẹ́ńtà tó ń ṣe àga, ìyẹn gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó wuyì lójú lóòótọ́, mi ò ní parọ́.

Àárín oṣù Kẹta 2020, a gbé tẹlisíkóòpù síta láti wo Àgùàlà, tó ga dáadáa lápá ìwọ̀ oòrùn lásìkò yẹn, tó sì ti fẹ́ẹ̀ rí ìlàjì bí òṣùpá ọjọ́ méje. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ìrì ti sẹ̀ sára gbogbo nǹkan, kódà àga tí a jókòó lé tutù. Nígbà tí a fẹ́ palẹ̀ mọ́, mo ní ká tẹ́ àwọn áípíìsì sórí tábìlì nínú ọ́fíìsì di àárọ̀, alága ní ilẹ̀ ti ṣú jù, ká kó gbogbo ẹ̀ sínú kéèsì ká tì í, a máa ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wo? Kòrónà dé, wọ́n ti ilé ìwé pa, àwọn olùkọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì aláìlọ́jọ́ ní 23 oṣù Kẹta, ó di pé ẹnikẹ́ni ò lè dé sítọ̀ mọ́. Gbogbo òjò ọdún yẹn, orí páànù sítọ̀ yẹn ló ti rọ̀ tán, kéèsì wa wà nínú òkùnkùn, ó tì gbọin-gbọin. Mo pe alága, torí òun ló mọ ọ̀gá àwọn síkọ́ríítì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wọtapúrúùfù ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ṣebí físíìsì lẹ ń kà. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 27°C tí ọ̀rinrin ẹ̀ jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi inú kúbíìkì mítà kan ẹ̀ á tó nǹkan bíi gíráàmù 20. Kéèsì tó gba lítà 20, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò lè ju 0.4 gíráàmù lọ. Kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òru bá tutù dé bíi 23°C, afẹ́fẹ́ yẹn ò ní lè gbé gbogbo omi yẹn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sílẹ̀ sára gíláàsì. Ti afẹ́fẹ́ nìkan nìyẹn o. Fóòmù tó ti mu ìrì yó ńkọ́? Omi ara ẹ̀ pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, á sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, rọ́bà tí ẹ ń yìn yẹn ni kò sì ní jẹ́ kó ríbi gbà jáde. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ò tún bèèrè ju ìyẹn lọ: òkùnkùn, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ tí kì í lọ kì í bọ̀, àti òróró ìka ẹnì kan lára lẹ́ńsì.

Ẹni tó bá ń wo ọ̀run mọ ohun tó ń bọ̀ ní 21 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà àti Sátọ̀nù máa sún mọ́ra débi pé àlàfo àárín wọn lójú wa ò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún fífẹ̀ òṣùpá lọ. Èyí tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, 1623 ni, ìyẹn sì wà nítòsí oòrùn jù. Èyí tó hàn sójú dáadáa, àfi kéèyàn padà sí 1226. Òmíràn di 2080, ẹ ṣírò ọjọ́ orí yín. A pe àwọn ará àdúgbò, àwọn òbí kó ọmọ wá, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì péré la ní lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ kí pílánẹ́ẹ̀tì méjèèjì náà tó wọ̀.

Alága gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí kéèsì níwájú gbogbo èèyàn. Òórùn tó kọ́kọ́ jáde, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Fóòmù ti bu, ó funfun kiri. Mo gbé áípíìsì 10mm sókè sí iná fóònù, okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn ti gba inú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. 30mm onínṣì 2 tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ránṣẹ́ láti London, bákan náà. Barlow, lẹ́ńsì tó ń sọ ohun tí à ń wò di ńlá sí i, bákan náà. A fi wọ́n wò ó bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ọmọdé rí ò ju iná méjì tó rí bàìbàì lọ, kò sí òrùka, kò sí nǹkan kan.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wa, 200 level nígbà yẹn, tó ti mú áípíìsì 25mm lọ sílé láti oṣù Kejì tí kò dá a padà. Alága ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìtanràn. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ike ọbẹ̀ onídèérí kan jáde, áípíìsì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn àpò sílíkà kéékèèké tó kó jọ látinú páálí bàtà. Ó mọ́ tónítóní! Ó ní gbogbo ìgbà lòun máa ń ṣí i wò. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rin 1200mm nínú tẹlisíkóòpù wa kó tó pàdé lójú kan, tẹ́ ẹ bá fi 25 pín in, ìlọ́po 48 nìyẹn, ó sì tó: òrùka Sátọ̀nù kékeré bẹ́ẹ̀, àwọn òṣùpá Júpítà, gbogbo ẹ̀ pọ̀ lójú kan. Ṣùgbọ́n áípíìsì kan ṣoṣo fún ìlà tó gùn tó yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò kàn. Ìyá kan tó pọnmọ sẹ́yìn dé ojú awò, Júpítà ti wọ ẹ̀yìn òrùlé.

Nínú ìròyìn ọdún tí alága kọ, ó ní ètò alẹ́ náà yọrí sí rere. Kò dárúkọ ọmọ yẹn rárá. Owó ìtanràn ńkọ́? Ó gbà á. Ẹ ní kí n gbàgbé, mi ò tíì gbàgbé jàre.

A tú 10mm yẹn lẹ́yìn náà, irú áípíìsì tí wọ́n ń pè ní Plössl ni, kò ṣòro, lẹ́ńsì mẹ́rin ni, wọ́n lẹ̀ wọ́n ní méjì méjì. Fọ́ńgọ́ọ̀sì nù kúrò, ṣùgbọ́n ásíìdì tó ń tú jáde ti jẹ ohun tí wọ́n fi kun ojú lẹ́ńsì, àpá ẹ̀ ò lè lọ mọ́. Ti London yẹn ò ṣeé tú, inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ló wà, ẹ máa bá a níbẹ̀.

Torí náà kéèsì onírọ́bà yẹn, mi ò ní kí ẹ má rà á. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá ń wọ ibi tí abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rọ́bà yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nǹkan gbígbẹ ni kí ẹ máa tì mọ́ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wo ọ̀run tán, ẹ kó áípíìsì wọlé, ẹ ṣí ìdérí wọn, ẹ ṣí kéèsì náà sílẹ̀ gbayawu di àárọ̀, tí iná bá wà kí ẹ tan fáànù sí i. Sílíkà ni kí ẹ lò, èyí tó ń yí àwọ̀, tó bá ti kúrò ní ọsàn tó di ewéko, ẹ yan án nínú ófùnù ní 120°C fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún lò ó. Ẹ rán an sínú aṣọ, ẹ má dà á sílẹ̀ lásán. Ìrẹsì tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí fóònù wọn já sómi, ẹ fi sílẹ̀ fún sísè, eruku ẹ̀ àti kòkòrò ẹ̀ ló máa kù sára lẹ́ńsì yín. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ a máa tan gílóòbù sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó lè máa móoru, àmọ́ pẹ̀lú iná ìjọba tiwa yìí, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Ẹ ra mítà kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, 40 sí 50 ni kó wà, tó bá ti ju 60 lọ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ dìde. Kí orúkọ ẹnì kan wà lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó máa ṣí kéèsì wò, yálà ìràwọ̀ yọ tàbí kò yọ, yálà ilé ìwé wọlé tàbí wọ́n ti lọ fún ìyanṣẹ́lódì. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ náà, kí ó tó méjì, kí èkejì má sì sí lọ́wọ́ alága.

Tí ẹ bá fẹ́ gba tèmi, kéèsì kékeré méjì sàn ju ńlá kan yẹn lọ, owó tó bá ṣẹ́ kù á gba sílíkà, mítà méjì àti EVA. Ẹni tó bá ń lọ Múṣin kó pè mí kó tó kúrò nílé, ìwọ̀n gbogbo ihò wà lọ́wọ́ mi, mo ti wọ̀n wọ́n. Kí ẹ má sì gbé e lọ bá kápẹ́ńtà o.