Centralia: ìlú ènìyàn márùn-ún

Ọjọ́rú

Márùn-ún ni iye ènìyàn tí ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 2020 kọ sílẹ̀ fún Centralia, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kí á tó máa gbé iye yẹn kiri, ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe rí i. Nínú ìkànìyàn 2020, àjọ tó ń kànìyàn níbẹ̀ fi ìṣirò da àwọn iye kéékèèké rú díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wo tábìlì kó sì dá aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Àpapọ̀ iye ènìyàn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Nítorí náà márùn-ún yẹn lè jẹ́ mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ méje. Nílùú ńlá, ẹni méjì kò já mọ́ nǹkan kan. Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìlú. Èyí tó ṣeé gbára lé ni bí iye náà ṣe ń já wálẹ̀: 2,761 ní 1890, ó ṣì lé ní 1,000 ní 1980, ó di 63 ní 1990, 21 ní 2000, 10 ní 2010.

Síbẹ̀, borough, ìyẹn ìlú kékeré tó ní ìjọba tirẹ̀, ni Centralia lójú òfin, bó ṣe wà láti 1866. Èyí ló ń yí lọ́kàn mi lónìí: òfin ló bí borough, kí àwọn ará ibẹ̀ kó ẹrù wọn lọ nítorí iná abẹ́ ilẹ̀ kò tó láti pa á.

Ibi tó wà kò ṣòro láti rí lórí máàpù. Wá Columbia County, kí o wá ibi tí ọ̀nà 61 àti ọ̀nà 42 ti pàdé láàárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń wa èédú líle tó ń jẹ́ anthracite. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 0.62, Conyngham Township yí i ká, Ashland wà ní gúúsù, Mount Carmel wà ní ìwọ̀-oòrùn. Olú ìlú káúńtì náà ni Bloomsburg, ìlú kan ṣoṣo tí òfin ń pè ní town ní gbogbo Pennsylvania. City, borough tàbí township ni ìyókù. Centreville ni wọ́n ń pe Centralia tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ní Centreville mìíràn ní Schuylkill County, ni wọ́n bá yí orúkọ padà ní 1865. Ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí kan náà ló gba kóòdù 17927 padà lọ́wọ́ ìlú náà ní 2002.

Ní ti ìṣàkóso, òfin borough Pennsylvania fi kánsẹ́lọ̀ méje lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye àtìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú méyọ̀ tí wọ́n ń dìbò yàn fún ọdún mẹ́rin. Méyọ̀ kì í dìbò nínú ìgbìmọ̀ àfi tí ìbò bá dọ́gba. Ọlọ́pàá ìlú ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí káńsù bá ṣe. Fi agbowó-orí kan àti ayẹ̀wé-owó mẹ́ta tí wọ́n ń yàn kún un: ipò méjìlá nìyẹn. Ìlú tí iye ènìyàn rẹ̀ kò tó 3,000 lè bẹ kóòtù pé kó dín kánsẹ́lọ̀ kù sí márùn-ún tàbí mẹ́ta. Ètò ìnáwó gbọ́dọ̀ jáde ṣáájú ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kí ará ìlú sì ti ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ẹ̀kọ́ kò sí lára iṣẹ́ borough. Abẹ́ àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ North Schuylkill ni àwọn ọmọ Centralia wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káúńtì mìíràn ló ni orúkọ yẹn.

Iná ni gbogbo ayé mọ Centralia mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1962, káńsù fẹ́ tún ààtàn ìlú ṣe kí ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú tó pé, torí ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú ni ààtàn náà wà, nínú kòtò tí wọ́n ti wa èédú rí. Ní ọjọ́ 27, àwọn panápaná ìlú finá sí pàǹtírí, wọ́n sì bu omi pa á. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà ni pé ihò kan wà lára kòtò náà tí ẹnikẹ́ni kò dí. Ibẹ̀ ni iná gbà wọ inú àwọn ihò ìwakùsà àtijọ́.

Kí ló dé tí kò fi kú? Ìpele èédú náà dagẹ̀rẹ́ wọ inú ilẹ̀, nítorí náà omi tí o bá dà sí i á ṣàn lọ sísàlẹ̀, èyí tó ń jó lókè kò ní rin. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu ihò àtijọ́ àti ojú ilẹ̀ tó sán wọlé. Òkúta orí rẹ̀ sì dá ooru dúró bí ìkòkò tí a dé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti bá iná náà, gbígbẹ́ yẹn gan-an tún ṣí ilẹ̀ fún afẹ́fẹ́, iná ń sá níwájú wọn títí owó fi tán. Wọ́n lu ihò, wọ́n da òkúta lílọ̀ àti omi sí i. Òtútù mú kí omi di yìnyín nínú páìpù. Wọ́n tún fi eérú dí i. Ní 1983, ìwádìí kan sọ pé gbígbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde yóò ná mílíọ̀nù 663 dọ́là. Lójú tèmi, ẹ̀bi gidi wà nínú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí owó kékeré ìbá ti tó.

Gáàsì olóró carbon monoxide láti inú iná náà ń wọ yàrá abẹ́ ilé. Ní 1979, onílé-epo kan fi òṣùwọ̀n wọn epo inú táńkì rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó gbóná tó nǹkan bíi 78 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní 1981, ilẹ̀ yanu lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá. Ìbátan rẹ̀ ló fà á jáde. Ìbò ará ìlú ní 1983 jẹ́ 345 fún kíkúrò, 200 lòdì sí i. Ìjọba àpapọ̀ gbé mílíọ̀nù 42 dọ́là kalẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gba owó ilé wọn, wọ́n lọ. Ní 1992, Gómìnà Bob Casey lo àṣẹ tí ìjọba ní láti fi owó gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ilé tó bá sì ti di ti ìpínlẹ̀ kì í san owó orí mọ́.

Àwọn tó kọ̀ láti kúrò ní àríyànjiyàn kan: wọ́n ní borough fúnra rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ sí èédú abẹ́ ilẹ̀, pé bí borough bá parẹ́, ẹ̀tọ́ náà á bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Mi ò gbà pé torí èédú ni wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn kúrò. Gáàsì yẹn kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n ó yé mi ìdí tí wọ́n fi di orúkọ borough mú tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2013, ẹjọ́ parí: àwọn ènìyàn mẹ́jọ tó kù lè gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn, pẹ̀lú 349,500 dọ́là, ṣùgbọ́n wọn kò lè ta ilé wọn, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iye ènìyàn ń ṣe fún borough, kó wo owó ojú ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ ń pín láti inú owó orí epo. Ìdajì rẹ̀ ń tẹ̀lé gígùn ọ̀nà tí borough ń tọ́jú, ìdajì kejì ń tẹ̀lé iye ènìyàn. Fún ìlú ènìyàn márùn-ún, ìdajì kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, àwọn òpópónà tí kò nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ni ìdajì àkọ́kọ́ dúró lé. Ọ̀nà 61 àti 42 kò sí nínú ìṣirò yìí, torí ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n.