Ìrora tó ti ìdí wọ ẹsẹ̀: ohun tí mò ń ṣe nílé

Aránṣọ ni mí, ìjókòó sì ni iṣẹ́ wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí ọ̀tún náà ló sì kọ́kọ́ figbe ta. Láti kòtò ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ bí iná, ó kọjá orúnkún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì kú. Bí mo bá fẹ́ sín, àfi kí n di ògiri mú.

Sciatica ni wọ́n ń pè é. Iṣan tó ń ta èèyàn yẹn, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ló nípọn jù lọ nínú irú rẹ̀ lára wa: gbòǹgbò rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, ó gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló sábà máa ń yọ síta tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ ìdí lọ́hùn-ún, piriformis lorúkọ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni iṣan yìí sì sábà máa ń gbà. Bí ẹran yẹn bá le gbagidi, ó lè há iṣan mọ́. Ibẹ̀ ni olùtọ́jú físíò tó yẹ̀ mí wò ní tèmi ti wá.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù rèé. Màá fẹ̀yìn lélẹ̀, màá ká ẹsẹ̀ méjèèjì, màá gbé kókósẹ̀ ọ̀tún lé itan òsì, nítòsí orúnkún. Màá wá fọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀yìn itan òsì mú, màá rọra fà á wá sí àyà títí ìdí ọ̀tún yóò fi máa fà mí. Fífà ni mo wí o, kì í ṣe títa. Bó bá ti ń ta lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́. Mo máa ń dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, màá sinmi, màá tún un ṣe.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì náà dára. Àwọn kan ń jókòó lé e. Ó le jù fún mi. Àárín ìdí àti ògiri ni mo ń fi í sí, kí n lè mọ bí màá ṣe fara tì í tó. Ibi tó bá ti mi ẹsẹ̀ jìnnìjìnnì, orí iṣan nìyẹn, ẹ sún un kúrò. Aṣọ ìnura tí a rì sómi gbígbóná, tí a fún, náà ń tù mí, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ fọwọ́ dán an wò kó tó kan ara.

Àwọn tó ní kí n sùn sílẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u. Mo ti gbé áyọ́ọ̀nù jìnnà sí máṣíìnì, kó lè di dandan fún mi láti dìde. Mo sì ti ń rọ àwọn ọkùnrin tó ń rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n jẹ́ n ṣe àpò síwájú, torí wọ́lẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń jókòó lé kò dáa fún ìdí. Lóru, ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn mí ni mo fi ń sùn, ìrọ̀rí á wà láàárín orúnkún.

Ẹ kíyè sí èyí: bó bá ti ń sàn, ìrora á máa gòkè padà. Ọmọ ìka kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn náà ni ojúgun fúyẹ́, ó wá ku ìdí nìkan. Ìdí yẹn tiẹ̀ dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi sì dùn sí i. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, bí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, tàbí tó ń ta ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi bọ́ọ̀lù àti aṣọ gbígbóná sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.