Ìyá Olùkọ́ Tí Kò Mọ Kóòdù Ló Rí Àṣìṣe Mi

Mo ń tọ́jú sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. Open source ni, ẹnikẹ́ni ló lè wo kóòdù rẹ̀ lórí GitHub (ìkànnì tí a ń kó kóòdù sí), kó sì tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn àtúnṣe tó fẹ́ ká fi kún kóòdù wa. Kóòdù rẹ̀ rí jákujàku. Mo ní kó lọ ka ìlànà wa, mo sì ti pull request náà pa. Bẹ́ẹ̀, n kò tíì kọ ìlànà kankan sílẹ̀ nígbà náà. Kò padà wá mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni ìyá olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi: "Ọmọ mi, n kò mọ kóòdù o, àmọ́ bí mo bá wá 'ọ̀nà' nínú àkójọ ọ̀rọ̀ yín, ó ní kò sí. Mo sì ń fi ojú mi rí i."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ní àmì kan ṣoṣo fún "ọ", ṣùgbọ́n kò ní fún "ọ̀"; àmì ohùn ní láti tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tẹ "ò" kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ rẹ̀ dípò àmì roboto kékeré. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Ìlànà Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC á sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, àfi ká fọwọ́ ara wa kọ kóòdù fún un. Kíbọọ̀dù kan ṣoṣo ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i?

Ogún ìṣẹ́jú péré ni àtúnṣe rẹ̀ ì bá gbà mí. N kò dá a ṣe. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni èmi àti ìyá olùkọ́ fi wà lórí fóònù, tí mò ń fi bí a ṣe ń kọ ìdánwò (kóòdù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sọ́fítíwíà ń ṣiṣẹ́ dáadáa) hàn wọ́n, orúkọ wọn ló sì wà lórí àtúnṣe náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré tí ẹ lè fi wákàtí kan parí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ lẹ "good first issue" (iṣẹ́ tó dára fún ìbẹ̀rẹ̀) mọ́ ọn, kí ẹ dárúkọ fáìlì tí èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè fèsì, kódà bó jẹ́ "Mo ti rí i, màá wò ó ní Sátidé." Ẹ rántí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà: ẹ kọ ọ́ sínú README, fáìlì tí àlejò máa ń kọ́kọ́ kà, pé kó fi --depth 1 sí git clone (àṣẹ tó ń da iṣẹ́ náà kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀), kó má baà fa gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wálẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ló wá ṣiṣẹ́. Ní October 2020, àtúnṣe yẹpẹrẹ tí àwọn kan ń fi wá T-shirt Hacktoberfest (ètò ọdọọdún tó ń gba èèyàn níyànjú láti ṣiṣẹ́ open source) pọ̀ débi pé àwọn olùṣètò yí òfin padà láàárín oṣù náà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n pàǹtírí kì í gba ìṣẹ́jú kan láti tì pa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá olùkọ́ kọ ìṣòro tuntun kan sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án o, olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ wọn fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.