Ìdúpẹ́ Kejì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ẹbí á rántí pé mo ti kọ́kọ́ dúpẹ́ lóṣù Kẹrin ọdún 2024 pé ara mi ti yá. Mo yára jù. Ìdúpẹ́ gan-an nìyí.

São Paulo ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà ní àdúgbò Brás. Lọ́dún 2024 yẹn, ibà dẹ́ngì, tí ẹ̀fọn ń kó ranni, jà ní Brazil ju ti ìgbàkígbà rí lọ, àwọn tó mú lé ní 6,000,000. Nígbà tó kàn mí, tí orí ń fọ́ mi, tí ẹ̀yìn ojú ń ro mí, tí gbogbo oríkèé mi dà bí èyí tí wọ́n gún lódó, ibà tiwa ńlé ni mo pè é. Mo ti fẹ́ da aspirin sẹ́nu, ìyá onílé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Vovó, ni wọ́n já a gbà. Wọ́n ní ibà yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára èèyàn, aspirin á sì tún dá kún un. Parasítámọ́ọ̀ àti omi púpọ̀ ni wọ́n fún mi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ibà lọ. Kíá, mo pe ìyá mi n'Íbàdàn, orin ọpẹ́ ni mò ń kọ sí wọn létí. N kò mọ̀ pé ìgbà tí ibà yẹn bá ń lọ gan-an ló yẹ kéèyàn lajú sílẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, n kò tíì dé ìdajì tí òòyì fi kọ́ mi. Mo ṣubú.

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó kà á, ó tún un kà: 38 ni ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà ní àrùn náà ti dé iṣan ọkàn, ó ti wú. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà. Òru mẹ́sàn-án! Ẹ̀rọ á ké pín, á dákẹ́, èmi náà á máa dúró de èyí tó kàn. Ọmọ Àyàn ni mí, mo mọ ìgbà tó bá ti rẹ onílù. Wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí ilé ìwòsàn ìjọba kì í gbowó lọ́wọ́ aláìsàn níbí, àlejò ni o, onílé ni o.

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo fún oṣù 6. Vovó ti da omi abẹ́ gbogbo ìkòkò òdòdó wọn nù, torí omi tó dúró sójú kan lẹ́fọn yìí ń yé sí, ojúmọmọ ló sì sábà máa ń jẹni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà kà á: 70. Mo bi í bóyá mo lè gbé dùndún kọ́ apá. Ó ní kí n rọra. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lù ú nínú ilé ìdáná, mo fi kí Vovó. Wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá, àmọ́ wọ́n ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀, wọ́n jó.